Ọkọ̀ Ẹlẹ́yìn Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Òórùn kánfọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Bí bàbá mi bá ti gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sókè láàárọ̀, kí oòrùn tó mú páànù ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, òórùn yẹn á tú jáde: kánfọ̀, aṣọ tuntun tí omi kò tíì kàn, àti rọ́bà tí oòrùn àná ti sè. Èmi á wọ inú rẹ̀ lọ. N kì í jókòó. Mo máa ń dùbúlẹ̀ ni, láàárín ìdì aṣọ méjì, kí n kọjú sí gíláàsì ńlá tó tẹ̀ bò mí bí ìgbà tí ìyá bá tẹ̀ wo ọmọ tó ń sùn. Bàbá á rọra pa ilẹ̀kùn dé, á fi ọwọ́ gbá gíláàsì, èmi náà á gbá a padà láti inú. Nígbà náà la ó tó gbéra.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà nígbà náà ní búùtù tó yọ sẹ́yìn bí àpótí. Tiwa kò ní. Láti orí òrùlé ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò dúró níbì kankan títí tó fi dé ibi iná ẹ̀yìn. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi ọ̀dán ẹnu ọ̀nà wa, ẹ ó rò pé ó ti ń sáré. Bí wọ́n bá sì ń ṣí i, gíláàsì àti irin ló jọ ń gbéra pọ̀, àwọn ọ̀pá méjì tó gbé e dúró á mí hùù bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga, inú ọkọ̀ á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá tún wá tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn wálẹ̀, àgbàlagbà ènìyàn lè na tán síbẹ̀. Gẹ̀rẹ́ ni àwa ọmọ agboolé sọ ọ́.

Bàbá mi ń ta aṣọ ní Gbági. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà ti gbà á nímọ̀ràn pé kó ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, tàbí kó ra ọkọ̀ olóbúùtù bíi ti gbogbo ọmọlúàbí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tó wuni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni." Ìgbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ti rí irú rẹ̀ kan ní Òkè Bọ́lá, tó kọjá lára rẹ̀ tòun ti ìdì aṣọ tó rù sórí. Ó ní òun dúró, òun ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà, tí ọ̀gá fi fa òun létí. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé iwájú gbogbo ọkọ̀ jọra, pé ẹ̀yìn ni ẹwà ọkọ̀ wà, nítorí pé ẹ̀yìn ni ojú ènìyàn ń bá lọ. Bó bá ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣe rí.

Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ló máa ń fọ̀ ọ́, kó tó wẹ ara tirẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí. Aṣọ àlòkù rírọ̀ ló fi ń nu gíláàsì náà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kò gbọdọ̀ nù ún lódì. Ìyá mi á ti ẹ̀yìn ààrò ké sí i pé, "Bàbá Sílífà, ṣé ìyàwó yín kékeré ti wẹ̀ tán? Kí àwa àgbà náà rómi lò o." Gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín, kò sì ní dáwọ́ dúró.

Láti Bẹyẹrúnkà, a ó gba Ọjà'ba, a ó gun Mápó, a ó sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ níbi tí ilé-ìwé mi wà, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ sí Gbági. Àyíwẹ̀yìn ni mo fi mọ ìlú Ìbàdàn. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó kì í sún mọ́ mi, ńṣe ni wọ́n ń jìnnà. Páànù tó ti dípẹtà á máa tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wa bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè, wáyà iná á máa sáré kọjá lórí gíláàsì, òórùn irú àti ẹja gbígbẹ Ọjà'ba á wọlé wá bá mi ní ìdùbúlẹ̀. Mo máa ń na ẹsẹ̀ mi, mo máa ń na ọwọ́ mi sókè orí, mo sì gbà pé kò sí ọmọ kankan ní gbogbo ìlú tí ayé rọ̀ lọ́rùn tó mi. Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ tíṣà tó ń gbé Àrẹ̀mọ, ti bẹ̀ mí títí kí n jẹ́ kó bá mi dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Mo gbà fún un nígbà tó fún mi ní ìdajì mọínmọ́ín rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi ń fẹ́ lára ọkọ̀ náà ju ẹrù aṣọ lọ. Sílífà, ẹ̀gbọ́n mi, ni àkọ́bí rẹ̀, kò sì fi bò pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ káàkiri pé lọ́jọ́ tí Sílífà bá ń lọ ilé ọkọ, Gẹ̀rẹ́ ló máa gbé e. Òun fúnra òun ló máa wà á. Wọn ò ní ti ẹ̀yìn rẹ̀ pa, wọn á ṣí i sílẹ̀ sókè, kí tọmọdé tàgbà lójú ọ̀nà rí ẹrù ìyàwó: àpótí aṣọ, ìkòkò, abọ́ tánganran, gbogbo rẹ̀. "Ọkọ̀ olóbúùtù á fi ẹrù ọmọ mi pamọ́ bí ẹrù olè," ló máa ń wí. Sílífà á bo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Obìnrin kan wà nínú agboolé wa, ìyàwó tuntun ni wọ́n ṣì ń pè é nítorí pé kò tíì pẹ́ tó wọlé. Ó lọ bímọ ní ọsibítù, kò sì bọ̀. Ní tiwa, òkú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n gbé e wọlẹ̀. Kò sì sí oní-takisí tó fẹ́ gbé e. Baálé agboolé wa fúnra rẹ̀ ló wá bá bàbá mi lórí ẹní tó ti ń jẹun. Ó ní, "Kàrímù, ọkọ̀ tìrẹ nìkan ni ènìyàn lè na ẹsẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ká a sínú tẹlòmíràn, ara rẹ̀ á gan bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi fọwọ́. Ó kó ìdì aṣọ rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ìjókòó wálẹ̀, ó wá ẹní mímọ́ kan tẹ́ síbẹ̀. Ní ọ̀sán yẹn, ẹni méjì ló gbé wálé. Ìyá nà gbọọrọ ní ẹ̀yìn lábẹ́ aṣọ funfun, ọmọ tuntun wà lápá ìyá mi ní iwájú, ó ń ké. Wàsíù ni wọ́n sọ ọmọ náà. Gbogbo agboolé dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, àwọn àgbà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣe àdúrà fún un títí. Òun kàn ń wí pé, "Ènìyàn laṣọ mi." Òwe tó fẹ́ràn jù lọ nìyẹn, ó máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà, ó máa ń sọ ọ́ fún àwa ọmọ.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, kì bá tí burú. Ìròyìn kì í dúró sójú kan ní Ìbàdàn. Ìdílé kejì wá, ìdílé mìíràn ti Ọjà'ba wá, wọ́n ti Àrẹ̀mọ wá. Àwọn tó ní ọkọ̀ nínú agboolé àwọn tó kú á dúró níbẹ̀, wọn á máa wí pé, "Ẹ lọ bá Kàrímù aláṣọ, tirẹ̀ ló ní ẹ̀yìn." Àwọn ọ̀pá méjì tó ń gbé ilẹ̀kùn náà dúró dẹ̀ nítorí ṣíṣí lemọ́lemọ́, bàbá mi wá ń fi ọ̀pá ìwọnṣọ rẹ̀ tì í. Ìyá mi ni kò lè pa á mọ́ra. Ó ní, "Igúnnugún ṣoore, ó pá lórí, àkàlà ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀. Bàbá Sílífà, ẹ sọ pé ó ti tó." Bàbá dá a lóhùn pé, "Gbèsè nikú, kò sẹ́ni tí kò jẹ ẹ́. Ṣé kí n wá sọ fún ọlọ́fọ̀ pé mi ò lọ?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ọwọ́ mi bá kan òwú funfun kan tó há sí etí kápẹ́ẹ̀tì. Mo fi ń ṣeré, mo fi ń ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ìyá mi ló rí mi láti ìta. N kò mọ̀ pé ó lè sáré bẹ́ẹ̀. Ó já òwú náà gbà, ó fà mí jáde, ó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú mi títí tó fi ń ta mí, ẹkún sì ń bọ́ lójú òun náà. Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Iwájú ni mo ń jókòó sí, bí gbogbo ènìyàn.

Ilé-ìwé ni mo ti gbọ́ orúkọ tuntun tí wọ́n sọ Gẹ̀rẹ́. Mo sọ fún Fọlákẹ́ pé kó wá ká jọ wọkọ̀ lọ sílé, ó sì fà sẹ́yìn. "Màámi ní tí mo bá tún wọ ọkọ̀ òkú, àwọn á lù mí." Kò wí i tìjàtìjà. Ó kàn wí i, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí n kì í rí tẹ́lẹ̀. Bí a bá ń kọjá ní Ọjà'ba, àwọn ìyá kan á yí ojú padà. Àwọn ọkùnrin á ṣí fìlà, wọn á wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wa bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn tí bàbá mi fẹ́ kí ayé máa wò, ayé ń wò ó lóòótọ́.

Bàbá mi lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan ní Àrẹ̀mọ. Kò mọ̀ pé ara bàbá oníbàárà náà kò yá. Bó ṣe ń páàkì síwájú ilé, àwọn ọmọ ilé tú jáde, wọ́n ń ṣépè fún un pé ta ló ránṣẹ́ pè é, pé bàbá àwọn kò tíì kú. Ó ń ṣàlàyé, ó ń fi ìdì léèsì hàn wọ́n, wọn ò gbọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé ọkọ̀ sí ibi tó jìnnà, tí á wá ru aṣọ lórí bí ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ní Gbági náà, wọ́n ní aṣọ rẹ̀ ti bá òkú sùn. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ìkómọ á kí i, á sì kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Síbẹ̀, kò ta ọkọ̀ náà. Ọjọ́ ìgbéyàwó Sílífà ló ń dúró dè. Mo gbà pé ó rò pé ọjọ́ yẹn ló máa wẹ ọkọ̀ náà mọ́, pé bí àwọn ènìyàn bá rí ìyàwó nínú rẹ̀, wọn á gbàgbé ìyókù.

Àárọ̀ ọjọ́ náà mọ́ rekete. Bàbá ti fọ ọkọ̀ kí a tó jí, ó ti fi kánfọ̀ tuntun sí gbogbo igun rẹ̀, ó wọ agbádá sányán, ó fi ọ̀pá ìwọnṣọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè, ó sì dúró tì í. Sílífà jáde, wọ́n ti lé tìróò fún un. Àwọn ọmọdé ti ń gbé àpótí bọ̀. Àfi ìgbà tí ìyá àgbà kan láti ìdílé ọkọ ìyàwó já àpótí gbà lọ́wọ́ wọn, tó rìn lọ bá bàbá mi. Ó kí i dáadáa, ó kí i kú ìnáwó, kó tó wí pé, "Bàbá ìyàwó, ẹ má bínú sí wa. Ọkọ̀ tó ń gbé òkú kọ́ ló yẹ kó gbé ìyàwó wọlé wa. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀."

Bàbá mi ní, "Mo ti fọ̀ ọ́, Màmá."

Ó tún wí i, ohùn rẹ̀ kéré sí i: "Mo ti fọ̀ ọ́ mọ́."

Gbogbo wa wo ojú Baálé, ẹni tó kọ́kọ́ wá gbé e dìde lórí oúnjẹ lọ́jọ́ ìyá Wàsíù. Baálé wo ilẹ̀. Ó ní, "Kàrímù, fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ." Wọ́n pe ọkọ̀ mìíràn, olóbúùtù, wọ́n kó ẹrù Sílífà sínú rẹ̀, wọ́n pa á dé. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi nínú gíláàsì ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń lọ, tìróò ti ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Bàbá mi dúró sí ìdí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ títí a kò fi gbọ́ fèrè mọ́. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ̀pá ìwọnṣọ, ilẹ̀kùn náà sì já wálẹ̀ gbàù.

Kò fọ ọkọ̀ náà mọ́ láéláé. Ó ṣì ń fi gbé òkú bí wọ́n bá wá pè é, ṣùgbọ́n kì í wí pé ènìyàn laṣọ òun mọ́. Ìsọ̀ Gbági tú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kọ̀, wọ́n tì í sábẹ́ igi ọ̀dán, táyà rì, adìẹ ń yé sínú rẹ̀, ewé ọ̀dán sì bo gíláàsì tí wọ́n ti ń nù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni bàbá mi kú, ní ọsibítù, láàárọ̀. Èmi àti Sílífà ló wà níbẹ̀. Ìyá wa ti ṣáájú tipẹ́. Ọkọ̀ tí mọ́ṣáláṣí wa fi ń gbé òkú wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ti ọsibítù ti lọ sọ́nà jíjìn. Mo bá pe Wàsíù, ọmọ tuntun tó ń ké lápá ìyá mi lọ́jọ́ kìíní. Wàsíù ti di ènìyàn ńlá, ó ní jíìpù kan, ọ̀kan nínú àwọn ìgbàlódé tí ẹ̀yìn wọn ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wá sí agboolé, mo dúró wò ó títí tó fi yà. Mo rò pé ó máa sọ pé òun ti ń bọ̀.

Ó sunkún lórí fóònù. Ó ní, "Ìnná lílláhi. Bàbá rere lọ." Ó tún ní, "Àǹtí Ràbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ orúkọ tí wọ́n sọ ti Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi owó ránṣẹ́, kí ẹ fi wá ọkọ̀."

Mo mọ orúkọ náà. N kò bá a jà. Àìmọye ọlọ́kọ̀ ló wò wá tó wa ọkọ̀ lọ, oòrùn sì ti ga kí a tó rí oní-máíkírà kan tó gbà. Ẹ mọ máíkírà tó kún Ìbàdàn báyìí: ẹ̀yìn rẹ̀ gé kúrú bí ẹni pé wọ́n fi àáké gé e. Awakọ̀ náà ní kò sí ibi tí òkú máa na sí, àti pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òkú wà nínú ọkọ̀ òun. "Ẹ jẹ́ kó jókòó sáàárín yín bí ẹni tó ń sùn. Ẹ bá a dé fìlà."

Báyìí ni bàbá mi ṣe gba Bẹẹrẹ kọjá, tó gun Mápó, tó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba: ní ìjókòó, eékún rẹ̀ ká, orí rẹ̀ ń gbá èjìká mi bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò. Sílífà di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ wà ní Bẹẹrẹ, oòrùn ń pa wá, ọlọ́mi tútù kan na ọwọ́ rẹ̀ wọlé, ó ní, "Ẹ fún Bàbá lómi, òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n." Sílífà bú sẹ́kún. Ohun tó ń wí láàárín ẹkún náà ni pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa fọkọ̀ gbé mi. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa fọkọ̀ gbé mi."

Nígbà tí a délé, ara rẹ̀ ti gan. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí eékún rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ kò fẹ́ nà. Ẹni tó na gbogbo òkú Bẹyẹrúnkà gbọọrọ, kíká ni a ká òun bọ inú aṣọ funfun. Òórùn kánfọ̀ gba gbogbo yàrá náà. Ní ìta, Wàsíù wà láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn, ó wọ aṣọ funfun, ó ti páàkì sí ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ méjèèjì sì jọra.

Mo ti ń di àgbà báyìí, irun mi ti ń funfun. Ọmọ tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ gíláàsì yẹn a máa na ẹsẹ̀, a máa na ọwọ́, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé ènìyàn laṣọ, ó sì gbà pé aṣọ wà lára òun. Èmi kì í lè na ẹsẹ̀ sùn mọ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń bá eékún mi ní kíká dé àyà, n óò sì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, n óò máa retí kí ẹnì kan gbá gíláàsì.